Ojú Tó Gbàgbé Ẹ̀gbẹ́

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni bàbá mi fi jókòó
nínú ahéré funfun lórí àpáta, lókè Lajes,
ní erékùṣù Pico, níbi tí òkun kì í jìnnà sí ẹnikẹ́ni.
Ihò gbọọrọ kan wà lára ògiri, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
ibẹ̀ ló ń gbé awò olójú méjì lé,
tí yóò máa fojú gbá òkun láti òsì dé ọ̀tún,
láti ọ̀tún padà sósì,
bí ẹni ń gbá àgbàlá tí ìdọ̀tí rẹ̀ kì í tán.

Bí àbùùbùtán bá mí, tí omi tú sókè bí èéfín àdìrò,
á ké sáwọn ọlọ́kọ̀ lórí rédíò:
"Evaristo, ìwọ̀ oòrùn! Méjì ni wọ́n, ìyá àtọmọ."
Láyé bàbá tirẹ̀, ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ń lọ pàdé wọn.
Ọkọ̀ ló kù láyé tiwa, àwọn àlejò ló ń gbé;
ọ̀kọ̀ ti dípẹtà lára ògiri.

Ní òwúrọ̀ kan nínú oṣù Kẹta, ife kọfí já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Wọ́n gbé e sọdá omi lọ sí Horta.
Dókítà Filomena fi pẹ́ńsù ya ọpọlọ fún wa:
"Ẹ wo ọ̀pá tó gbé e dúró yìí, bí ti olú.
Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibì kan nínú rẹ̀, kò tó hóró ìrẹsì."
Ó ní ojú òsì kò lè yà sósì, kò lè yà sọ́tùn-ún;
ojú ọ̀tún lè yọ síta díẹ̀,
á sì máa gbọ̀n bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì nínú ìjì.
"Ọ̀kan àti ààbọ̀ là ń pè é. Ààbọ̀ ìrìn ló kù fún ojú méjèèjì."
Ìyá mi wò ó bí ẹni tí wọ́n ka owó ẹja fún, tí kò pé.

Ó délé. Ó lè wòkè, ó lè wolẹ̀:
ó ka igi àjà, ó ka èékánná ẹsẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ohùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé.
Nígbà míì, ènìyàn kan a di méjì:
"Hermínia, ọ̀kan nínú yín ṣáà dákẹ́."
Ìyá mi gé aṣọ ìdáná rẹ̀ tó ti gbó, ó fi bo ojú kan fún un.
Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, lóòótọ́;
ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ lalákàn ń rìn.
Kí ni yóò ṣe bí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ bá dí?

Lóṣù Karùn-ún a fà á gun àpáta lọ.
Nélio, ọmọdékùnrin tó gba iṣẹ́, dìde fún un lórí àga.
Bàbá gbé awò sójú. Òkun dúró sójú kan bí àwòrán.
"Yí ọrùn, ọ̀gá."
Ó yí ọrùn. Ó yí èjìká. Àga ń ké.
"Níbẹ̀! Níbẹ̀!"
Ìgbà tó fi débẹ̀, omi ti pa ojú rẹ̀ dé.
Kò sọ nǹkan kan. Ó nu awò, ó dá a padà sínú àpò,
ó so okùn rẹ̀ bí ẹni ń so okùn bàtà ọmọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo bó ọsàn.
Mo gbé awẹ́ kan lọ sẹ́nu rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láti iwájú,
mo sì rí i: ojú méjèèjì tí ìka dókítà kò lè fà
rọra yí wọnú, sápá imú, lẹ́ẹ̀kan náà,
wọ́n jọ ń bọ̀ wá pàdé ọwọ́ mi.
Dókítà ti sọ ọ́, èmi ni n kò fetí sí i:
ọ̀nà tí ojú ń gbà pàdé ohun tó súnmọ́ni, ọ̀tọ̀ ni.
Mo fa awẹ́ náà sẹ́yìn. Ojú tú ká.
Mo tún gbé e bọ̀. Wọ́n tún pàdé.

"Idalina," ni bàbá mi wí, "ṣé o máa fún mi lọ́sàn yìí,
àbí èmi náà ti di àbùùbùtán tí ò ń ṣọ́?"