Ojú Aago Lára Ògiri

Irin ló kọ́kọ́ dé sí Ombú Seco, kí ènìyàn tó dé.
Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ajẹntínà tí kò ní òkè, tí kò ní igbó,
igi kan ṣoṣo, òun náà ti gbẹ.
Àwọn òyìnbó tó ń na irin kọjá ní kí wọ́n dúró níbẹ̀
nítorí omi ti tán nínú ẹ́ńjìnnì.
Bẹ́ẹ̀ ni ìlú ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn:
òùngbẹ gbẹ irin, wọ́n gbẹ́ kànga.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn Básíkì dé pẹ̀lú màlúù,
àwọn ará Ítálì dé pẹ̀lú irúgbìn àlìkámà nínú ìbọ̀sẹ̀.
Assunta Bellomo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú dùrù kan,
kò sì ní ilé tí yóò gbé e sí.
Oṣù mẹ́rin ni dùrù náà fi sùn ní yàrá ẹrù,
tí eku ń tẹ̀ ẹ́ lóru,
tí Eusebio Larralde, ọ̀gá ibùdókọ̀, ń pariwo lójú oorun pé
"Ta nìyẹn?"

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Èmi ni Delfina, ọmọ rẹ̀.
Lókè yàrá tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n bí mi sí.
Ìyá mi ní ọkọ̀ aago mẹ́fà fọn fèrè, mo sì dá a lóhùn.

Agolo wàrà ọgọ́ta, nígbà mìíràn ọgọ́rin,
ìró wọn lórí pèpéle bí eyín tó ń gbọ̀n nínú òtútù.
Àwọn ọmọkùnrin a fi owó ẹyọ sórí irin
kó lè tẹ́ bí ewé. Bàbá mi a lé wọn,
lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀, a ṣa èyí tó kù, a fi sápò.
Mọ́kànlá ni mo bá nínú ẹ̀wù rẹ̀ lọ́jọ́ tí a wẹ̀ ẹ́ fún ìsìnkú.

Lọ́dún ọ̀dá, omi ni rélùwéè gbé wá.
Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ènìyàn ló ń gbé lọ, kò dá wọn padà.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí ìgbà tí ibùdókọ̀ náà kú,
ẹ má wo ìwé ìjọba. Ó ti ń kú láti ọjọ́
tí tíkẹ́ẹ̀tì àlọ ń tán,
tí àlọ-àtàbọ̀ ń ṣá nínú dúrọ́ọ̀.

Wáyà ló mú àṣẹ wá. Bàbá mi ló gbà á,
lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kọ́, kọ́-kọ́, kọ́,
ó fi ọwọ́ rere rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n ti Ombú Seco pa.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀, ó tún un kọ.
Ó dá wọn lésì pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́.
Ó gbá pèpéle.

Wọ́n hú irin bí ẹni ń yọ egungun ẹja.
Igi abẹ́ irin di ọgbà màlúù,
agogo di ti ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú kejì,
wọ́n sì yọ aago ńlá kúrò lára ògiri.
Ojú rẹ̀ kù síbẹ̀, róbótó, funfun, níbi tí oòrùn kò pa rí.
Títí di òní, bí mo bá ń kọjá, mo ṣì ń gbójú sókè wò ó,
mo sì máa ń yára díẹ̀.

Ẹṣin Goyeneche, tó ń fa kẹ̀kẹ́ wàrà,
a máa dúró níbi tí irin ti dábùú ọ̀nà rí,
a nà etí, a dúró de ohun tí kò ní í kọjá.
Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú.
Ọmọ rẹ̀, tí kò rí rélùwéè rí láyé,
òun náà ń dúró.