Ẹ̀wọ̀n Ọ̀pá Méjì

Lẹ́nu géètì ọgbà ìṣeré l'Ápápá
wọ́n yẹ báàgì mi wò, wọ́n bá ẹ̀wọ̀n níbẹ̀.
"Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi dè?"
Mo ní ẹsẹ̀ mi ni.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀pá méjì gbáko, irin tó nípọn bí ìka ọmọ ọwọ́,
mo rà á l'Ówódé Onírin lọ́wọ́ ọkùnrin kan
tó búra pé màlúù ò lè já a.
Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo rẹ̀ wà lọ́rùn mi, lábẹ́ búláòsì,
níbi tí ìyá mi máa ń fi owó pamọ́ sí.

Abọ́sẹ̀dé, ọmọ àbúrò mi, pé ọdún mẹ́sàn-án lónìí.
Ó ní òun ò ní gun òbìrí ńlá yẹn àfi tí èmi bá gùn ún.
Orí afárá ló ti kọ́kọ́ rí i,
ó ní ó dà bí táyà àga mi
tí ẹnì kan fa afẹ́fẹ́ sí títí tó fi kan sánmà.

Ọmọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ náà ní,
"Ẹ fi àga sílẹ̀ níbẹ̀ jàre, ta ló máa jí i?
Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"
Mo wò ó.
Ní Yábàá, lọ́dún tó kọjá, níwájú báǹkì,
mo sún kúrò lórí àga sórí bẹ́ǹṣì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré,
nígbà tí mo fi máa gbójú sókè
ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán ni mo bá.
Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni mo fi wà nínú yàrá,
tí balùwẹ̀ jìnnà sí mi bí Ìbàdàn.
A padà rí i níbi tí wọ́n ti ń wọn irin tà,
kò ní táyà, kò ní ibi ìgbẹ́sẹ̀lé,
ìrọ̀rí tí mo fọwọ́ ara mi rán ṣì wà lórí rẹ̀,
òdòdó mẹ́ta, òwú pupa.
Wọ́n ti fi ẹfun kọ ọ́ sí i lára: kílò méjìlá.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Mo so ó mọ́ irin ọgbà.
Mo gba ẹ̀wọ̀n abẹ́ ìjókòó kọjá, mo tì í,
mo fà á wò, mo tún fà á wò.
Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí;
ṣùgbọ́n alákàn ò gun òbìrí rí.

A gbéra. Abọ́sẹ̀dé ń pariwo:
ẹ wo ọkọ̀ ojú omi! Ẹ wo kiréènì èbúté,
ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti àgùnfọn!
Ó rí Màrínà lódìkejì omi. Èmi ò rí i.
Àga mi ni mò ń wò,
ó ń kéré, ó ń kéré,
ó di yẹtí, ó di abẹ́rẹ́ tó bọ́ sórí ẹní.

Lókè téńté, ẹ̀rọ náà dúró.
Ibẹ̀ ni mo ti rí ọkùnrin kan nínú aṣọ ọlọ́dẹ,
ó yí àga náà po, ó wọ̀tún, ó wòsì,
ó jókòó.
Mo lọgun. Afẹ́fẹ́ gbà á lẹ́nu mi.
Ó fọwọ́ ti táyà, ó sún síwájú díẹ̀,
ẹ̀wọ̀n fà á padà bí ewúrẹ́ orí ìso.
Ó tún lọ. Ó tún fà á padà.
Abọ́sẹ̀dé bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kí wọ́n tó gbé mi sọ̀kalẹ̀, ó ti dìde,
ó dúró ṣánṣán, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́,
kókósẹ̀ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì.
Múfútáù lorúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀.
"Mò ń bá yín ṣọ́ ọ ni, Mọ́mì."
Ó ní láti aago mẹ́fà àárọ̀ lòun ti wà lórí ìdúró;
ọlọ́dẹ tó bá jókòó, wọ́n á gé e nínú owó oṣù rẹ̀.

Mo fa kọ́kọ́rọ́ yọ.
Ìrọ̀rí náà gbóná nígbà tí mo bọ́ sórí rẹ̀,
ooru ara ẹlòmíràn.
Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Abọ́sẹ̀dé ní ó ku ẹṣin onírin.
Mo tún so ẹ̀wọ̀n. Mo tún fà á wò.
Mo wá ní, "Múfútáù, ẹ bá mi ṣọ́ ọ."
Wọ́n gbé mi, a ń lọ.
Ẹ̀wọ̀n náà dún lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn mi.
Mi ò wẹ̀yìn.