Ẹ̀ṣọ́ Inú Ẹrẹ̀

Lọ́dún tí ewé ìrẹsì wa la ojú,
ojú tó ṣe ṣónṣó lókè, ṣónṣó nísàlẹ̀,
etí rẹ̀ pọ́n, àárín rẹ̀ rí bí eérú,
bàbá mi Bùsẹ̀rí dúró létí àkùrọ̀ lẹ́yìn ojú irin Òṣogbo,
ó ní, "Àwọn ewé yìí ń wò mí."
Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ṣírí tó yọmọ ló ń tẹríba.
Tiwa nàró ṣanṣan, òfìfo.
Ó kúkú ti fọ́n oògùn lọ́dún tó ṣáájú,
ó fọ́n ọn títí ẹja àrọ̀ fi léfòó nínú poro,
ikùn funfun sókè.
Láti ọjọ́ náà, a ò jẹ ẹja ibẹ̀ mọ́.

Èmi ni mo rí ìdì kan,
ìdì kan ṣoṣo láàárín òkú,
tí ewé rẹ̀ ò la ojú kankan.
Mo fọwọ́ gbẹ́ ìdí rẹ̀,
mo bu ẹrẹ̀ ibẹ̀ sínú ike bọ́tà,
mo gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò l'Ókè-Baálẹ̀
níbi tí mo ti ń fọ ìgò.
Dókítà Ọ̀ṣúnkúnlé pò ó mọ́ omi,
ó kán an sójú àwo kékeré
tí àrùn náà ti ń ta bí òwú.

Lọ́jọ́ kẹrin ó ní, "Wá wò ó."
Òwú ti bo gbogbo àwo
àfi àyè róbótó kan bí òṣùpá;
bakitéríà inú ẹrẹ̀ wa jókòó sáàárín rẹ̀,
kò lójú, kò lápá,
ó sì sọ fún àrùn pé, "Ìhín kọ́."

Mo gbé omi rẹ̀ délé nínú garawa.
A rẹ irúgbìn sí i mọ́jú.
Bàbá wo omi, ó wò mí:
"Mùlíkátù tí mo fi kàn-ìn-kàn-ìn bó lọ́wọ́,
tí mò ń pariwo fún pé kòkòrò wà nínú ẹrẹ̀!"
"Ó kúkú wà níbẹ̀, Bàbá."
"Èló ni wọ́n ń gbà?"
Mo ní omi adùn tí gbòǹgbò ń sun ni owó oṣù wọn.

N ò ní purọ́.
Nísàlẹ̀ pátá, níbi tí omi ti pẹ́,
àwọn ewé kan ṣì la ojú.
Ṣùgbọ́n àpò mẹ́sàn-án la kó wálé; èṣí, méjì àbọ̀.
Ó lè jẹ́ òjò. Dókítà ní ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta
ká tó lanu sọ ọ́ níta.

Nírọ̀lẹ́ ìkórè, bàbá mi fọwọ́ nínú abọ́.
Kò da omi náà sójú ọ̀nà.
Ó padà sínú àkùrọ̀,
ó rọra dà á sí ìdí àgékù ìrẹsì,
ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o."
N ò rí ẹni tó ń kí.