Igi Tútù

Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù, òótọ́ ni.
Òkúta mẹ́ta tí ìyá ìyá mi rù wá láti odò
lọ́dún tó wọlé ọkọ ní Tangdor, lókè Nẹpáàlì,
wọn ò da ọbẹ̀ kankan nù láti ọdún méjìlélógójì.
Ojú ni wọ́n ń dà nù, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wo Mẹndomáyà lórí ìkúnlẹ̀:
ó fẹ́ná, ó fẹ́ná,
omi ń dà lójú ẹ̀, kì í ṣe ẹkún.
A ò mọ ìyàtọ̀ nígbà tá a wà ní kékeré.
Lọ́dún tí yìnyín òkè wó lu ọkọ ẹ̀ lọ́nà Tíbẹ́ẹ̀tì,
odindi oṣù kan ló fi sunkún nídìí iná,
àwa ọmọdé ń wí pé, “Igi yẹn ló tutù.”

Ilé wa ò ní fèrèsé.
Òtútù ibí kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé,
la bá dí gbogbo ihò.
Èéfín ò rọ́nà lọ, ó di ará ilé:
ó bá wa jẹun, ó bá wa sùn,
ó kun ògiri títí ògiri fi ń dán bí ìdí ìkòkò,
ó wọnú àgbàdo tá a so mọ́ àjà,
ó wọ àyà Pasang, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án,
ibẹ̀ ló ti kọ́ súfèé.

Gbogbo wa la gbọ́ súfèé náà. A ní òtútù ni.

Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ààrò tuntun.
Amọ̀, èèpo ìrẹsì, ìgbẹ́ màlúù, irin pẹlẹbẹ méjì,
àti páìpù tí yóò mú èéfín gba òrùlé jáde.
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi mọ ọ́n. Mo fẹ́ kí Ìyá yìn mí.
Ó wò ó bí ẹni ń wo àlejò tó lọ jókòó sáyè baálé.
“Ẹnu ẹ̀ ti kéré jù. Ṣé èékánná ni n ó fi dáná?
Àgbàdo mi ńkọ́, ta ni yóò bá mi lé kòkòrò?
Iná tá ò rójú ẹ̀,
báwo la ṣe ń bá a sọ̀rọ̀?”
Mi ò lésì. Wọn ò kọ́ wa níyẹn nísàlẹ̀.

Ó fi ààrò mi tọ́jú ọ̀dùnkún.
Ìgbà òjò kan kọjá. Adìẹ yé sẹ́nu ẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan nígbà òtútù, súfèé Pasang dákẹ́.
Gbogbo wa dìde jókòó lórí ẹní.
Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn.
Ó gùn.
Ó wúkọ́. A tó mí.
Ìyá ò sọ nǹkan kan. Ó na ìka, ó fi ra ògiri,
ó gbé ìka náà súnmọ́ fìtílà, ó wò ó,
ó wo ọmọ.
Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti kó ọ̀dùnkún kúrò, ó ti lé adìẹ,
ó ń la igi wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ bí èékánná,
ó ń bú mi bó ṣe ń là á.
Èéfín nìwà, rírú ní í rú:
aládùúgbò wa sáré dé pẹ̀lú korobá omi,
ó rò pé òrùlé wa ló ń jó.

Mi ò ní parọ́. Kòkòrò jẹ ìdajì àgbàdo ọdún yẹn.
Páìpù dí lẹ́ẹ̀mejì, mo gorí ilé lọ fọ̀pá gún un.
Pasang ṣì ń súfèé tí òtútù bá le,
àmọ́ orin náà ti ń gbàgbé ara ẹ̀.

Òkúta mẹ́ta wà lẹ́yìnkùlé báyìí.
Ibẹ̀ ni Ìyá ti ń se ọtí ọkà, lábẹ́ ojú ọ̀run.
Mo bá a níbẹ̀ lálẹ́ àná.
Atẹ́gùn ń gbé èéfín lọ sápá odò, ó jìnnà sí i,
omi sì wà lójú ẹ̀.
Mo jókòó tì í.
Mi ò sọ pé igi ló tutù.