Ìbọ̀wọ́ Yúrò Méjì

Òtútù ìlú Oulu kì í kan ilẹ̀kùn.
Ó mọ ibi tí bọ́tìnnì ti já,
ó mọ ibi tí fìlà kò ti dé etí,
ibẹ̀ ló ń gbà wọlé
bí onílé tó wá gba owó oṣù.

Aago mẹ́rin ìdájí.
Ọgọ́sàn-án ìwé ìròyìn lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi,
yìnyín ń rún wómúwómú lábẹ́ táyà.

Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn oníkẹ̀kẹ́, létí odò,
ọgọ́rin yúrò ni wọ́n ń ta ìbọ̀wọ́.
Mo wọ̀ ọ́ wò. Mo rọra bọ́ ọ.
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń tajà,
mo jáde bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Àìní ló kọ́ mi lọ́gbọ́n:
ọ̀rá búrẹ́dì láàárín ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà,
ìwé ìròyìn àná láyà, lábẹ́ súwẹ́tà
(ìròyìn tó ti kú ṣì lè dá afẹ́fẹ́ dúró),
àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí a fi ń fọ abọ́,
pupa rúsúrúsú, lórí ti òwú.
Àwọn ọmọ iléèwé rí mi, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.
Rọ́bà náà ya lọ́jọ́ kẹta.

Lọ́jọ́ Sátidé, ní gbọ̀ngàn òkìrìkà
lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin,
ìyá àgbà kan tẹ́ ẹrù ọkọ rẹ̀ sórí tábìlì:
ìwọ̀ ẹja, aago tí kò ṣiṣẹ́ mọ́,
ìbọ̀wọ́ awọ tó gbórín, irun àgùntàn nínú rẹ̀.
“Adágún á dì, Heimo á jókòó sórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.
Kò sọ ọ́ rí pé ọwọ́ ń dun òun.
Yúrò márùn-ún.”

Méjì ló wà lọ́wọ́ mi, àti sẹ́ǹtì díẹ̀.
Kò bínú. Ó bi mí léèrè ọ̀nà tí mò ń gbà.
Mo dárúkọ àwọn òpópónà mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ó yí ìbọ̀wọ́ náà sódì,
ó gbọn ìpẹ́ ẹja kan dànù,
ó ní, “Mú un ní méjì.
Ṣùgbọ́n máa gba abẹ́ fèrèsé mi kọjá.”

Fèrèsé rẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà mi.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, lórí òkè, afẹ́fẹ́ níwájú.
Kò sì ra ìwé ìròyìn rí.
Síbẹ̀, bó bá ti di aago márùn-ún,
iná á tàn lókè,
n ó gbé ọwọ́ kan sókè, ọwọ́ Heimo,
kẹ̀kẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀,
n ó sáré dì í mú.