Aṣọ Funfun Létí Odò Napo

Wọ́n ní àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà,
ara rẹ̀ ni yóò pa.
Kì í ṣe fìtílà tèmi.
Mo ta aṣọ funfun sáàárín igi méjì,
mo gbé iná sẹ́yìn rẹ̀, mo ṣí ìwé,
wọ́n sì wá jẹ́ kí n ka àwọn.

Èyí tó dà bí ewé gbígbẹ. Èyí tó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ.
Èyí tó wọ wúrà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.
Kó tó di ọ̀gànjọ́, oríṣi ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá,
ẹnu pẹ́ńsùlù mi ti kú.

Ovllá kọ̀wé láti Utsjoki, níbi tí oòrùn
ti ń gba ìsinmi bí oṣù méjì lọ́dọọdún:
“Delfina, méje ni tèmi lálẹ́ àná.
Mo mọ ìkọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni mọ àbúrò rẹ̀.
Kí ló dé tí tiyín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?”

Mo lè ní oòrùn ni:
ìkòkò wa kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.
Ṣùgbọ́n oúnjẹ púpọ̀ lè bí ọmọ púpọ̀
kó má bí oríṣi púpọ̀.
Mo lè ní ọjọ́ orí ni. Yìnyín gun ilẹ̀ wọn nígbà kan,
ó fá a kodoro bí orí ọmọ tuntun,
gbogbo ẹlẹ́mìí sì palẹ̀ mọ́.
Àtìpó ni àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí,
wọn ò tíì tú ẹrù tán.
Tiwa ò dẹrù rí.

Ìyá mi ń bó gbágùúdá. Kò gbójú sókè.
“Wo igi yẹn. Ọmọ rẹ̀ tó bá hù sábẹ́ rẹ̀,
kòkòrò tó ń jẹ ìyá ni yóò jẹ ẹ́.
Èyí tó bá jìnnà ló ń yè.
Ìdí nìyẹn tí gbogbo aládùúgbò fi jẹ́ àlejò níbí.”

Mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.
Mo kọ “bóyá” lẹ́ẹ̀mẹrin.

Èsì dé lẹ́yìn òjò:
“Ìkẹjọ ti dé o, láti gúúsù.
Yìnyín odò wa tètè yọ́ lọ́dún yìí.
Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.
Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀.”

Lálẹ́ òní mo tún ta aṣọ.
Èyí tó wọ wúrà ni mò ń wò fún.
Mo ti kà dé igba.
Kò tíì dé.