Ihò Kẹta

Kílọ́ọ̀ṣì iwájú kì í da ìyá àgbà láàmú.
Ti ẹ̀yìn ló máa ń ṣọ́,
èyí tó ń gba bẹ́líìtì mọ́ra bí ẹni ń gba àlejò tí kò dá a lójú:
ó ń là díẹ̀díẹ̀, ó ń padé díẹ̀díẹ̀,
sípíríǹgì inú rẹ̀ ń kìlọ̀ fún un pé,
Má tètè gbà. Má tètè gbà.

Lánàá, lórí òkè ẹ̀yìn Nain,
igi ìdáná kún orí kamutik,
ọmọlanke tí kò ní táyà, tí a fi okùn so mọ́ ìdí ọkọ̀ yìnyín.
A dé ìdajì òkè.
Ẹ́ńjìnnì hu gùùù bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu,
abẹ́rẹ́ ojú agogo já láti ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ sí mẹ́fà,
òórùn rọ́bà gbà wá nímú.
A já ìdajì igi sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.
Ìyá àgbà Tabea bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún,
ó fọwọ́ ba ojú kílọ́ọ̀ṣì.
"Ó gbóná. Bẹ́líìtì ń yọ̀."

Láàárọ̀ yìí, nínú ilé pákó ẹ̀yìnkùlé,
òtútù fi ìwọ̀n méjìdínlọ́gbọ̀n rìn kọjá òdo,
ẹja gbígbẹ so rọ̀ lórí wáyà, wọ́n ń wò wá.
Mo tú bóòtù. Mo yọ awẹ́ ẹ̀yìn.
Sípíríǹgì dúdú, ìrù rẹ̀ nínú ihò kejì,
ọ̀dà èékánná pupa létí ihò náà.

Boas ló fi àmì sí i.
Ọ̀dà ìyàwó rẹ̀ ni, kò sì tọrọ.
Eré ìje Àjíǹde ni, lórí òkun dídì,
ó fẹ́ kí ọkọ̀ fò: kò sẹ́rù, kò sérò.
Ó gba ipò kejì, ó fi ọ̀sẹ̀ kan bínú.
Ọdún mẹ́ta rèé tó ti wà nínú ilẹ̀,
ilẹ̀ tí a dáná lé lórí kó tó ṣeé gbẹ́.
Láti ìgbà náà, igi ni ọkọ̀ yìí ń fà,
pẹ̀lú sípíríǹgì ẹni tó ń sá eré ìje.

"Ihò kẹta," ni mo wí.
Ó wò mí bí ẹni pé mo ní ká kó aṣọ ọkọ rẹ̀ tọrọ.
"Á le sí i, ìyá àgbà. Bẹ́líìtì ò ní tètè là á,
ẹ́ńjìnnì á ráyè mí lójú òkè."
"Ta ló kọ́ ọ?"
Mo dákẹ́. Òun ló kọ́ mi.

Mo fi orúnkún há awẹ́, mo lọ́ sípíríǹgì,
ó ń jà padà bí ọmọ tí wọ́n ń wọ́ lọ sílé ìwé;
ó bọ́, ó gé mi ní àtàǹpàkò.
Ẹ̀jẹ̀ kán sórí irin.
Ìyá àgbà nu irin kó tó nu ọwọ́ mi.
Lẹ́yìn náà ló gbà á,
ọwọ́ tó ti ń la ikùn ẹja láti ọmọ ọdún márùn-ún,
ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, láìmí,
kẹ́ẹ́!

Bẹ́líìtì rì sínú awẹ́; ó yẹ kó yọrí díẹ̀, bí etí ìwé.
Mo yí bóòtù kékeré ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó yọrí.

A padà lọ gbé igi àná.
Ní ìdajì òkè, mi ò wo ọ̀nà, abẹ́rẹ́ ni mò ń wò:
ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ó gbọ̀n, ó dúró,
a yọ sókè pẹ̀lú gbogbo ẹrù wa.
Ó kígbe sí mi létí, nínú ariwo,
"Bó bá jẹ́ ihò kẹta ni, ipò kẹrin ni Boas ìbá gbà!"
Ó rẹ́rìn-ín títí omi ojú rẹ̀ fi dì.

Ọ̀dà pupa ṣì wà létí ihò kejì.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tún fọwọ́ ba irin.
"Lọ́wọ́ọ́wọ́," ló wí. "Ó kù díẹ̀.
Lọ́la a ó wo awẹ́ iwájú."